Mo ra báàgì pàjáwìrì nítorí omíyalé, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe

Ìyá Ìbejì Agílítí (ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Agílítí ni mò ń gbé, lápá Mile 12, níbi tí odò Ògùn ti máa ń kún dé ẹnu ọ̀nà wa. Lóṣù kẹwàá èṣí, aago méjì òru ni omi wọlé. Kí n tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, fìríìjì ti ń léfòó. Èmi àti ọkọ mi gbé àwọn ìbejì kọ́ èjìká. A ò rí tọ́ọ̀ṣì, fóònù mi ti kú, ìwé ẹ̀rí WAEC mi sì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣé ẹ mọ ibi tí àpótí yẹn wà báyìí? Èmi náà ò mọ̀.

Lọ́dún yìí, mo ní kò ní ká mi mọ́lé mọ́. Mo rí báàgì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ohun èlò 250 ló wà nínú ẹ̀, ni mo bá rà á. Nígbà tó dé, mo tú u sórí bẹ́ẹ̀dì: kọ́ńpáàsì, ọ̀bẹ kan tó ń di ṣíbí tó tún ń di ayùn, irin kan tí wọ́n ní wọ́n fi ń ṣá iná, aṣọ ìbora fàdákà tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọ̀rá bisikíìtì, fèrè, okùn gígùn, ike kan tí wọ́n ní ó ń fa oró ejò jáde, bẹ́líìtì dúdú kan tó ní igi lára, ìwọ̀ ìpẹja (ẹ gbọ́ o), àti báńdéèjì kéékèèké tí mo kà títí tó sú mi. Ó jọ pé báńdéèjì yẹn ni wọ́n fi kún 250 náà.

Kí ni kí n fi sílẹ̀, kí ni kí n yọ, kí ni kí n rà kún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, torí mi ò mọ nǹkan kan lóòótọ́.

Awakọ̀ Màrosẹ̀ (9:31 alẹ́)

Wọ́n ti jẹ owó yín, ẹ má bínú. Ẹ dá a padà bí wọ́n bá máa gbà á. Ìwọ̀ ìpẹja kẹ̀! Ṣé inú pálọ̀ lẹ ti fẹ́ máa pẹja ni? Tọ́ọ̀ṣì, owó, omi, fóònù tó ní iná lára. Ó parí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (9:50 alẹ́)

Kò tíì parí o, bọ̀dá Awakọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì dá gbogbo ẹ̀ padà. Bẹ́líìtì dúdú tó ní igi lára yẹn, tourniquet ni wọ́n ń pè é. Òun ló lè wúlò jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, òun náà ló sì lè dójú tì yín jù.

Nígbà omíyalé, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ ń tẹ̀. Páànù, ìgò, ìṣó, gbogbo ẹ̀ wà lábẹ́ omi. Bí nǹkan bá gé ènìyàn, aṣọ mímọ́ lẹ máa kọ́kọ́ fi tẹ ojú ọgbẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, ẹ má sì máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dá. Àfi tó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà bí ẹ̀rọ omi tó bẹ́, tí títẹ̀ ò ràn án, ìgbà yẹn ni tourniquet. Ẹ dè é sókè ojú ọgbẹ́, kí àyè bí ìka mẹ́ta sí mẹ́rin wà láàárín wọn. Ẹ má dè é mọ́ orúnkún tàbí ìgúnpá gan-an. Ẹ wá máa yí igi yẹn títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró. Á dun onítọ̀hún dé egungun, á pariwo, ẹ má tìtorí igbe tú u. Ẹ fi báírò kọ aago tí ẹ dè é síwájú orí ẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ni yóò tú u.

Èyí tí wọ́n ń kó sínú báàgì olówó pọ́ọ́kú, ayédèrú pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan kán mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́nu ìbùsùn aláìsàn, kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ dè é mọ́ itan ara yín lálẹ́ òní, kí ẹ yí i. Bí igi ẹ̀ bá tẹ̀ tàbí tí ojú rírán ẹ̀ ń ya, ẹ jù ú nù. Bí ẹ bá sì wá ra ojúlówó, ẹ ra méjì: ọ̀kan tí ẹ ó máa fi kọ́ṣẹ́, ọ̀kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn títí ọjọ́ tó bá di dandan.

Bàbá Ògùnpa (10:24 alẹ́)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro, Mọ́lété ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ kápẹ́ńtà. Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ náà, mi ò lè kọ gbogbo ẹ̀ síbí. Ọkọ̀ ń yí lórí omi bí igbá. Ìyá kan ládùúgbò wa ti jáde, ó ti dé orí ilẹ̀ gíga, ó ní aṣọ òun wà nínú àpótí, ó padà. A ò rí i mọ́.

Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí omi gbé afárá lọ, tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá a lọ, ohun kan náà ni mo tún gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kù: lágbájá ti jáde, ó padà wọlé lọ mú nǹkan. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ báàgì yìí, Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe torí ohun tó wà nínú ẹ̀ o. Torí kó má baà sí ohun tí ẹ máa tìtorí ẹ̀ padà ni.

Nítorí náà, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó sí i. Ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí, ìwé ìbí àwọn ọmọ, NIN. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn, kí ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ kó lè léfòó bó bá já bọ́.

Owó náà ńkọ́? Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023 tí owó bébà wọ́n bí ojú, tí POS ń gba ìdá lórí owó ẹni. Owó wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ kó síbẹ̀, igba-igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ò ní ṣẹ́ńjì lóru.

Oúnjẹ: gàárì, ẹ̀pà, kúlíkúlí. Mo rí i táwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ra oúnjẹ ológun láti òkè òkun. Gàárì ṣe tán láti ayébáyé.

Ọ̀rọ̀ ejò tí ẹ dárúkọ, ó ṣe pàtàkì, torí omi máa ń lé wọn wọlé. Bó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi okùn di òkè ibẹ̀ pinpin, kí ẹ fi abẹ sín in díẹ̀, kí ẹ gbé òkúta dúdú lé e.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (10:41 alẹ́)

Bàbá, ẹ kú àgbà, ẹ kú ìrírí. Ẹ forí jì mí, apá tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ tọwọ́ bọ̀. Ẹ má dè é, ẹ má sín in, ẹ má gbé òkúta lé e. Bí oró bá wà tí ẹ dè é pinpin, ojú kan náà ni oró máa jókòó sí, ẹran ara ibẹ̀ á jẹrà. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe ejò ló fà á, okùn ni. Ike tó ń fa oró inú báàgì náà, kò fa oró kankan jáde, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara lásán ló ń fà.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ mú onítọ̀hún jókòó, ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ ẹ̀ kó tó wú. Ẹ fi pátákó gbe ẹsẹ̀ tàbí apá náà bí ẹni tó dá egungun, kó má rìn rárá, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní abẹ́rẹ́ ejò. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí pípa ejò náà.

Bàbá Ògùnpa (10:47 alẹ́)

Mo gbọ́, nọ́ọ̀sì. Òkúta dúdú yẹn ni bàbá mi fi wo èmi gan-an sàn o. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (10:52 alẹ́)

Bàbá, ọ̀pọ̀ ejò tó ń buni jẹ ni kì í tu oró sára ẹni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí yín, òkúta wá gba ìyìn.

Oníná Ìkòròdú (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:38 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe, mo sì ti rí i pé kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba ohun tó ń pa ènìyàn kí omi tó pa á. Bí omi bá ti ń bọ̀ lójúlé, tí kò tíì dé ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pa iná láti orí mítà. Bó bá ti bo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má wọ́ omi lọ síbi tí ẹ fẹ́ ti pa á. Ẹ fi ilé sílẹ̀. Ẹ pe ẹni tó lè gé e láti orí òpó.

Tọ́ọ̀ṣì: ẹ má ra èyí tí ẹ máa fi ọwọ́ dì mú. Ẹ ti ní ìbejì. Ọwọ́ wo ló kù? Èyí tí wọ́n ń so mọ́ orí ni kẹ́ ẹ rà, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún bàbá wọn. Àwọn ọdẹ ti mọ èyí kí wọ́n tó bí wa. Bó bá jẹ́ oníbátìrì, ẹ yọ bátìrì ẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ọ̀rá dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bí bátìrì bá jókòó sínú tọ́ọ̀ṣì fún ọdún kan, á sunkún, omi ẹ̀ á jẹ irin inú ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kò ní tàn.

Páwà báǹkì: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ńlá-ńlá tàn yín. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 sí lára kò lè kún fóònù 5,000 lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, á kún un bí ẹ̀ẹ̀méjì àbọ̀ sí ẹ̀ẹ̀mẹta, torí iná máa ń ṣòfò lọ́nà. Èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí tó wá fúyẹ́ bíi bisikíìtì, òfo ló máa wà nínú ẹ̀. Ẹ gba agbára sí i lọ́jọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ṣe bí owó ilé.

Awakọ̀ Màrosẹ̀ (7:15 àárọ̀)

Mo sọ pé tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ṣáà wò ó.

Ẹ ò tíì sọ nípa ọkọ̀ o, torí ọ̀pọ̀ á sá wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Omi tó ń ṣàn tó bá dé ojúgun àgbàlagbà lè gbé e ṣubú. Bó bá dé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30, ó lè gbé mọ́tò kékeré kúrò lójú ọ̀nà. Mo wakọ̀ Èkó sí Ìbàdàn fún ọdún 17, mo ti rí ẹni tó ní “mo mọ ọ̀nà yìí bí ẹni mọ owó”, tó wọ omi tán ni kòtò gbé e mì.

Nínú ọkọ̀ mi, mo ní C-caution, sípéà táyà tí mo ń yẹ afẹ́fẹ́ ẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, jáàkì, àti ẹ̀rọ ìpaná. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń gbé e nítorí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, wọn ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ẹ yọ pín-ìnì, ẹ doríkọ ìdí iná, kì í ṣe ọwọ́ iná tó ń jó lókè, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tó jẹ́ kílò kan kì í lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tán, nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè. Bí ọwọ́ mítà ara ẹ̀ kò bá sí lójú àwọ̀ ewé, ìrìn àjò òfo lẹ ń gbé e rìn.

Ìyá Houston (2:05 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ilé. Texas ni mo wà, ẹ̀yin lẹ ní omíyalé, àmọ́ èmi ní ọ̀rọ̀ kan nípa jẹnẹrétọ̀.

Oṣù kejì ọdún 2021, yìnyín dé bá wa níbí, iná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Òtútù wọ egungun. Àwọn ará ilé wa kan gbé jẹ́ń sí gáréèjì, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ọkọ mi lọ kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tí wọ́n jálẹ̀kùn, ìyàwó àti ọmọ ṣì ń mí, ọkùnrin náà ò mí mọ́. Èéfín olóró yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ẹ, oorun á máa kùn ẹ́, wàá rò pé àárẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ní Èkó ẹ máa ń gbé “I better pass my neighbour” sí kọ́rídọ̀ nítorí olè àti òjò. Ẹ jọ̀ọ́, ìta gbangba, kó jìnnà tó mítà mẹ́fà sí fèrèsé. Ẹ má sì ṣe gbé àdògán eléèédú wọlé lálẹ́ nítorí òtútù òjò, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ọmọ Olódò (3:20 ọ̀sán)

Mo ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú sí Fálọmọ. Ẹ̀yin ará Agílítí, mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe òjò Èkó nìkan ló ń bò yín mọ́lẹ̀. Bí ìsédò Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta bá kún, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni omi ẹ̀ ń bọ̀ gba odò Ògùn, òjò ì báà má rọ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló burú jù. Nítorí náà ẹ̀rọ tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní ni rédíò kékeré oníbátìrì. Bí wọ́n bá ti kéde Ọ̀yán, ẹ ti ní ọjọ́ díẹ̀ láti kó ìbejì lọ sọ́dọ̀ ìyá yín. Ẹni tó kúrò lọ́sàn-án kò nílò tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbà mí gbọ́.

Bí ẹ bá máa ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ (ẹ rà á, ìjọba Èkó náà ti sọ ọ́ di dandan lórí omi), ẹ wo ìwọ̀n ara ọmọ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ so ó tán, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lókè níbi èjìká. Bó bá gòkè kọjá etí ọmọ, ó tóbi, yóò bọ́ lórí ẹ̀ nínú omi. Kó ní bẹ́líìtì tó gba àárín itan. Kí ẹ sì kọ́kọ́ rì í sínú agbada omi fún wákàtí kan. Èyí tí fóòmù ẹ̀ ń mu omi, ọjà títà ni.

Omi mímu: ẹ má dààmú, ẹ se omi tó wọlé yẹn, kó hó dáadáa, ẹ lè mu ún.

Apoògùn Ṣómólú (3:58 ọ̀sán)

Ọmọ Olódò, mo gba ti Ọ̀yán àti ti láìfù jákẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ti omi yẹn, rárá o. Híhó fún ìṣẹ́jú kan gbáko ń pa kòkòrò àìsàn, òótọ́ ni. Àmọ́ omi tó wọ Agílítí ti gba ṣáláńgá kọjá, ó ti gba ilé epo kọjá, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Epo bẹtiróòlù àti kẹ́míkà kì í hó kúrò nínú omi. Ẹ má mu ún, ẹ má fi fọ abọ́.

Ẹ tọ́jú omi sílẹ̀ kó tó kún: kẹ́ẹ̀gì méjì, píọ́ wọ́tà báàgì kan lórí ibi gíga. Bó bá jẹ́ omi kànga tàbí omi òjò tó mọ́ lójú tí ọkàn yín ò balẹ̀ sí i, bilíìṣì tí kò ní òórùn tùràrí nínú wà fún ìyẹn. Ẹ wo ara ìgò. Àwọn tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, agbára wọn máa ń jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kán mẹ́ta sí mẹ́rin nínú lítà kan, kí ẹ rò ó, kí ẹ dúró fún ìdajì wákàtí. Bí omi bá ṣókùnkùn, ẹ kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, omi iyọ̀ àti ṣúgà: lítà kan omi mímọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí ẹ rẹ́ lójú, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ìdajì. Ẹ má fi ṣíbí tó kún òkè wọ̀n ọ́n, iyọ̀ tó pọ̀ jù lè pa ọmọdé lára.

Ìyá Ìbejì Agílítí (8:44 alẹ́)

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Orí mi ti ń pọ́n. Mo gbàgbé láti sọ pé ọmọ ọdún mẹ́ta làwọn ìbejì, ìyá ọkọ mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ Màmá lẹ́nu, wọn ò lè sáré.

Mo dán bẹ́líìtì dúdú yẹn wò bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Igi ẹ̀ tẹ̀. Mo ti sọ ọ́ sínú àkìtàn.

Aṣọ fàdákà yẹn ńkọ́, kí ni kí n fi ṣe?

Awakọ̀ Màrosẹ̀ (8:50 alẹ́)

Kò sí yìnyín ní Mile 12. Ẹ fi bo ẹja díndín.

Ìyá Houston (9:03 alẹ́)

Ẹ má dá a lóhùn. Òtútù kì í ṣe ti yìnyín nìkan. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá tutù rinrin nínú omi fún wákàtí méjì lóru, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n, ètè ẹ̀ á dúdú. Àmọ́ aṣọ fàdákà kì í mú ooru jáde fúnra ẹ̀ o, ooru ara ọmọ ló ń dá padà sí i. Nítorí náà ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, kí fàdákà tó wá wà lóde. Ẹ bo orí ẹ̀, ẹ má bo imú ẹ̀.

Bàbá Ògùnpa (9:10 alẹ́)

Ìyá tó pọn ọmọ mọ́ ẹ̀yìn gbígbẹ, tó fi ìborùn bò ó, ti ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn. Ẹ kó ọ̀já méjì gbígbẹ sínú ọ̀rá.

Ìyá Houston (9:12 alẹ́)

Bàbá, mo fọwọ́ sí ìyẹn pátápátá.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (9:30 alẹ́)

Fún Màmá: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọjọ́ méje nínú ọ̀rá, kí ẹ máa fi tuntun rọ́pò ẹ̀ kó má bàjẹ́. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà àti bí wọ́n ṣe ń lò ó sínú ìwé, torí oògùn lè ṣubú sómi, dókítà tó bá sì bá yín ní ibùdó kò mọ Màmá rí. Awò ojú wọn tí wọ́n ti pa tì náà, ẹ kó o sí i.

Nọ́ńbà: 112 ni gbogbogbòò, 767 náà wà fún Èkó, 122 fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé pẹ̀lú ti ẹbí mẹ́ta. Ta ló tún ń há nọ́ńbà sórí láyé ìsinsìnyí? Fóònù tó bá kú ti kó gbogbo wọn lọ.

Oníná Ìkòròdú (9:41 alẹ́)

Fèrè yẹn, ẹ so ó mọ́ ọrùn Màmá. Ẹni tí kò lè pariwo pẹ́ lè fọn fèrè pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ẹ sì dán an wò kí gbogbo ilé mọ ohùn ẹ̀, kí àwọn aládùúgbò náà mọ̀.

Ìyá Ìbejì Agílítí (ọjọ́ Àìkú, 4:16 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìsinmi o. A dán an wò lálẹ́ àná. Ọkọ mi pa iná lórí mítà ní aago mẹ́wàá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn pariwo pé “Omi!” Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, àfi ìgbà tí mo wá báàgì tí mi ò rí i. Mo ti gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì ti kó àwọn aṣọ Àríyá lé e lórí. Kẹ́hìndé ń sunkún, Táíwò ń béèrè omi mímu. Tọ́ọ̀ṣì orí ọkọ mi tàn, tèmi ò tàn: mo fi bátìrì kan sínú ẹ̀ lódìkejì. Kí n fi ìka wá ojú àmì sí bátìrì nínú òkùnkùn, ìṣẹ́jú kan lọ síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti Màmá. A rò pé àwọn ló máa pẹ́ jù. Àwọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti fèrè lẹ́nu, wọ́n ń fọn ón bí rẹfirí. Wọ́n ní àwọn ti ń sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti èṣí. Wọn ò sọ fún wa.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko kí gbogbo wa tó dé orí àtẹ̀gùn ilé alájà ti aládùúgbò wa. Báàgì ti wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí. Bátìrì mi, mo ti fi pọ́líìṣì èékánná pupa sàmì sí ẹnu ẹ̀ àti sí inú tọ́ọ̀ṣì náà, ojú kan náà.

Ìwé mi ti wà nínú ọ̀rá, àyàfi ti WAEC tó ti bá omi lọ. Ṣé ẹnì kan ti gba àtúntẹ̀ ẹ̀ rí níbí?

Apoògùn Ṣómólú (4:31 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti gbà á rí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, mo máa tọ́ yín sọ́nà.

Awakọ̀ Màrosẹ̀ (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ìwọ̀ ìpẹja yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Agílítí (4:42 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti fún ọmọ kan tó wà lójúlé kejì wa. Ó mú ẹja àrọ̀ méjì lánàá, ó fún wa ní ọ̀kan.